Abẹ́ Tábìlì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Fọ́níṣọ̀ Àtijọ́ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tí ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀ ju ojú ewé tí olóòtú fún mi lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé: bí èèyàn ṣe lè kọ́ nípa àga, tábìlì àti àpótí onídúrọ́ọ̀ tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà láàárín 1690 sí 1840, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ní Pennsylvania, mo sì ní èrò tèmi lórí rẹ̀, tí kì í fi gbogbo ìgbà bá ti àwọn ọ̀mọ̀wé mu. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gbà wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Káfíńtà ni mí, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni mo sábà máa ń kàn. Oníbàárà kan fi fọ́tò àga kan hàn mí lórí fóònù, ó ní Chippendale ni, ó ń bèèrè bóyá mo lè ṣe mẹ́fà. Mo ra ìwé aláwòrán ńlá kan. Àwòrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe so àga kankan pọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Káfíńtà, Atlanta)

Àbúrò, kò sẹ́ni tó rẹ́ ọ jẹ. Ẹni tó fẹ́ ra àga ni wọ́n ṣe irú ìwé yẹn fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kàn án. Kí o tó ná dọ́là mìíràn, jẹ́ kí n fi ibi tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ hàn ọ́.

Ìkànnì Metropolitan Museum of Art ti New York ni mo máa ń kọ́kọ́ yà sí. Láti 2017 ni wọ́n ti ṣí fọ́tò àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan kò dè mọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. O lè gbà á sílẹ̀, o lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ fọ́tò nìkan kọ́ ló ń gbé mi débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mùsíọ́ọ̀mù náà tẹ̀ látijọ́ wà níbẹ̀ fún kíkà lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan èyí tí Morrison Heckscher kọ ní 1985 lórí fọ́níṣọ̀ àwọn ọdún tó kẹ́yìn ìjọba amúnisìn. Fún àga kọ̀ọ̀kan, ó sọ bí wọ́n ṣe kàn án, irú igi tó wà lójú rẹ̀ àti irú èyí tó fara pamọ́ sínú, apá tí wọ́n ti pààrọ̀, àti ohun tí ẹnì kan fi ẹfun tàbí pẹ́ńsùlù kọ sí i lẹ́yìn. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn a sì fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni kí o kọ́kọ́ kà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Chipstone Foundation ní Milwaukee ń tẹ ìwé ọdọọdún kan jáde láti 1993, American Furniture lorúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ inú rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì wọn. Èdè ibẹ̀ máa ń le. Nígbà mìíràn, ọ̀mọ̀wé méjì á máa bá ara wọn fa ẹsẹ̀ tábìlì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má ṣe bínú sí wọn, fọ́tò inú dúrọ́ọ̀ àti ti ẹ̀yìn àpótí tí wọ́n ń yà ṣọ̀wọ́n níbòmíràn. Níwọ̀n bí o sì ti wà ní Gúúsù, má fo Winston-Salem ní North Carolina. MESDA, mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1965, ló kó iṣẹ́ ọwọ́ Gúúsù jọ nígbà tí àwọn ará Àríwá ń sọ pé kò sí nǹkan gidi níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lórí ìkànnì wọn kò lópin: wọ́n ń yọ ọ́ látinú ìwé ìròyìn àtijọ́, ìwé ìhágún àti ìwé ilé ẹjọ́.

Ní ti orúkọ tí oníbàárà rẹ pe àga náà, Thomas Chippendale kò gbé Amẹ́ríkà rí. London ló ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Ìwé àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Director ló la òkun wá. Ó kọ́kọ́ jáde ní 1754, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1762 pẹ̀lú àwòrán tó pọ̀ sí i. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbà á sílẹ̀, kí o ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O kò ní rí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó fi èékánná di bọ́ọ̀lù mú nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ti pe Chippendale. Àṣà náà ti ń kúrò lójú àwọn ará London nígbà tí ìwé yẹn jáde. Àwọn ará Philadelphia àti Boston kò gbà, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ àwọn.

Nítorí náà, ìlú tí wọ́n ti kàn án ni kí o kọ́kọ́ wá, kí o tó wá ọdún. Fẹ ẹsẹ̀ yẹn lójú nínú fọ́tò. Bó bá jẹ́ ti Boston, èékánná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa ń fà sẹ́yìn gan-an. Ti New York máa ń ní igun mẹ́rin, bí àpótí. Bọ́ọ̀lù ti Philadelphia tẹ́ nísàlẹ̀, oríkèé ìka rẹ̀ sì yọ gedegbe. Ti Newport, nínú èyí tó dára jù, wọ́n gbẹ́ abẹ́ èékánná títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba àárín èékánná àti bọ́ọ̀lù kọjá. Ká ní ti Philadelphia ni. Bẹ oníbàárà rẹ kó wá fọ́tò ẹ̀yìn àga náà. Ahọ́n igi ẹ̀gbẹ́ ìjókòó máa ń la ẹsẹ̀ ẹ̀yìn já níbẹ̀, wàá rí orí rẹ̀ onígun mẹ́rin lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà. Èèyàn lè fi odindi ọdún wo fọ́tò iwájú láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nípa owó tí wàá dá lé e, ní 1772 wọ́n tẹ ìwé iye owó kékeré kan fún àwọn káfíńtà Philadelphia. Philadelphia Museum of Art ló ní i lónìí, wọ́n sì ti tún ẹ̀dà rẹ̀ tẹ̀. Owó ti igi màhógánì wà lọ́tọ̀, ti igi walnut wà lọ́tọ̀, owó ọmọ iṣẹ́ náà wà lọ́tọ̀. Bí o bá fi ẹsẹ̀ eléèékánná kún un, owó gun orí owó. Bí o bá tún fín ara rẹ̀, òmíràn gùn ún. Bí mo ṣe ń kọ ìwé owó tèmi fún oníbàárà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá mi jà lórí ohun tó ti rí lórí bébà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ igi ni mo fi ń dára yá. Mo fẹ́ ṣe tábìlì tíì rogodo kan, irú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ojú rẹ̀ máa ń dá dúró bí wọ́n bá ká a sókè. Mo ní fọ́tò rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ láti ìkànnì mùsíọ́ọ̀mù. Ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà lè yọ gbogbo ìwọ̀n tó kù látara fọ́tò, pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu láti rìnrìn-àjò. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá àgbà oníṣẹ́ igi, Baltimore)

Mà, ẹ lọ. Ẹ má dá ọmọ lóhùn.

Kò purọ́ o. Fọ́tò wúlò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tóbi, ẹ fi gíga tí mùsíọ́ọ̀mù kọ ṣe òṣùwọ̀n, ẹ ó sì mọ bí òpó ṣe sanra sí àti ibi tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbú tí mùsíọ́ọ̀mù ń kọ sábà máa ń jẹ́ ti ibi tó fẹ̀ jù, ìyẹn lè jẹ́ ojú tábìlì, ó sì lè jẹ́ ẹsẹ̀.

Ohun tó ju gbogbo ìyẹn lọ ni pé tábìlì rogodo yẹn kì í ṣe rogodo mọ́. Igi kì í fi gígùn sún kì, ìbú ló fi ń sún kì. Ojú tábìlì tí ẹnì kan gbé sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí igi ní nǹkan bí 1765, tó sì yí i rogodo, ti di olójú ẹyin báyìí. Ẹ wọ̀n ọ́n bí iṣan igi ṣe lọ, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìdábùú: ẹ ó bá ìyàtọ̀ ìdámẹ́rin ínǹṣì, nígbà mìíràn ìdajì. Èyí tó gùn jù ni oníṣẹ́ àkọ́kọ́ lò, òun náà ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá sì wọ̀n ọ́n síbí wọ̀n ọ́n sọ́hùn-ún tí kò sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú tábìlì yẹn. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún òpó àárín: ẹ fi ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì gbá a mú, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan sanra ju èkejì lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń ka fọ́tò kan ṣoṣo kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo abẹ́. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ fi ìka yín fa abẹ́ ojú tábìlì náà ní ìdábùú igi. Ọwọ́ yín á máa lọ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀. Irin ìfági tó ní ẹnu kọrọdọ ni wọ́n fi fá a wàràwàrà, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n retí pé á wo ibẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án láti òkè, ẹ ó rí gbogbo ojú irin náà ní ìlà ní ìlà. Bí ẹ bá rí ojú ayùn, ẹ wò ó bóyá ó lọ tààrà tàbí ó tẹ̀ roboto. Èyí tó bá tẹ̀, ayùn rogodo ẹlẹ́rọ ló gé e, irú ayùn yẹn kò sì wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà kí ó tó di nǹkan bí 1830. Níbi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọnú òpó, ìsopọ̀ tó fẹ̀ nínú tó sì tín-ín-rín lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní dovetail, ni wọ́n fi tì í wọlé láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n kan irin ẹlẹ́nu mẹ́ta bò ó. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ Philadelphia, ó ṣeé ṣe kí àgò kékeré kan wà láàárín òpó àti ojú tábìlì, pákó méjì pẹ̀lú òpó wẹ́wẹ́ mẹ́rin, èyí tó ń jẹ́ kí ojú tábìlì yí po kó sì tún ṣeé ká sókè.

Ẹ sì wá ìlà tó tín-ín-rín bí irun tí wọ́n fi ọ̀bẹ tàbí irin ìfàlà fà síbi ìsopọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kì í sábà pa á rẹ́. Ìwọ̀n tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ nìyẹn, ó sì dá mi lójú ju ti téèpù èmi àti ẹ̀yin lọ.

Winterthur ní Delaware kò jìnnà sí yín. Ilé Henry Francis du Pont ni, ó sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù fún gbogbo ènìyàn ní 1951, kò sì sí ibi tí mo mọ̀ tó kó fọ́níṣọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ jọ tó ibẹ̀. Ẹ kọ̀wé ṣáájú, ẹ sọ nọ́ńbà tábìlì tí ẹ fẹ́ rí, kí ẹ sì sọ ní pàtó ohun tí ẹ fẹ́ wò lára rẹ̀. Ẹni tó bá kọ pé òun fẹ́ wá wo àwọn tábìlì yín, wọ́n á ní kó dara pọ̀ mọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Ẹ mú pẹ́ńsùlù dání, ẹ fi bírò sílẹ̀ nílé, ẹ bọ́ òrùka, ẹ má retí pé wọ́n á jẹ́ kí téèpù onírin kan ojú igi. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ bèèrè ṣọ́ọ̀bù àwọn Dominy. Baba, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní East Hampton, Long Island, láti nǹkan bí 1760 títí dé nǹkan bí 1840. Irin iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀, àwọn pátákó tínínrín tí wọ́n fi ń ya ẹsẹ̀ àga sórí igi wà níbẹ̀, ìwé gbèsè àwọn oníbàárà wọn náà sì wà. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo yàrá ńláńlá du Pont lọ.

Bí ẹsẹ̀ yín bá tún gbé yín dé Connecticut, Yale University Art Gallery ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ fọ́níṣọ̀ kan ní West Haven. Àga, àpótí àti tábìlì tí wọ́n tò síbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì tò ó fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́.

Ọ̀gá, ṣé ọ̀gànwó kò lè rọ́pò màhógánì àtijọ́? (Houston)

Ó lè rọ́pò rẹ̀. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ African mahogany ní ilé ìtagi Amẹ́ríkà, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iṣan rẹ̀ máa ń lọ síbí kó tún padà sọ́hùn-ún lára pákó kan náà, irin ìfági á máa ya á, èékánná ẹsẹ̀ ẹyẹ á sì máa ṣẹ́ bí o bá fẹ́ fín in. Màhógánì Cuba àti Jamaica tí àwọn baba iṣẹ́ lò wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, láti 1992, ti Honduras láti 2003, ọ̀gànwó fúnra rẹ̀ sì ti wọ ìwé wọn báyìí. Ra èyí tó ní ìwé ẹ̀rí.

Kí ló dé tí màhógánì fi jẹ yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ ná? Àwọn ará Philadelphia fi walnut ilẹ̀ wọn ṣe iṣẹ́ tó dára gan-an, àwọn ará Connecticut sì lo igi cherry. Igi inú ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, torí òun ló ń tú àṣírí. Páìnì funfun ni wọ́n fi ń ṣe inú dúrọ́ọ̀ ní Boston, tulip poplar àti kédárì funfun ní Philadelphia, cypress ní Charleston. Ti Newport sábà máa ń jẹ́ chestnut, èyí sì ni yóò fún yín ní wàhálà, nítorí àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní New York ní 1904 ló pa igi chestnut Amẹ́ríkà run. Pákó tí wọ́n tú lára abà àtijọ́ nìkan lẹ lè rí rà.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, ó bi mí pé ṣé kò sí ènìyàn dúdú tó ṣe ìkankan nínú àwọn àga yìí ni. N kò rí èsì fún un. (Bàbá ọmọ, Richmond)

Inú mi dùn pé ó bèèrè. Wọ́n pọ̀, orúkọ wọn ni wọn kò kọ síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Charleston, ẹrú ló ń ti ayùn, ẹrú ló ń fín igi, orúkọ olówó wọn ló sì wà lórí ìwé owó. Àkọsílẹ̀ MESDA tí mo mẹ́nu bà lókè ń gbìyànjú láti fa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jáde.

Sọ fún un nípa John Hemmings. Wọ́n bí i sóko ẹrú ní Virginia ní 1776, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà aláwọ̀ funfun tí Thomas Jefferson, tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà, gbà sí oko rẹ̀ ní Monticello, nígbà tó sì yá, òun ló di ọ̀gá ibẹ̀. Ó ṣe ilẹ̀kùn, ó ṣe àga, ó ṣe àpótí. Nígbà tí Jefferson kú ní 1826, ìwé ìhágún rẹ̀ dá a sílẹ̀, ó sì fún un ní àwọn irin iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Òun ló kan pósí ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ gbé ọmọ náà lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ ni Thomas Day. Ọmọ bíbí Virginia, ọdún 1801, kì í ṣe ẹrú. Milton ní North Carolina ló tẹ̀dó sí. Ní 1830 ó fẹ́ Aquilla Wilson, ọmọ Virginia bíi tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin North Carolina kò fàyè gba ènìyàn dúdú tó lómìnira láti wọlé wá gbé láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn aláwọ̀ funfun ìlú náà fúnra wọn ló kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó náà wọlé, ilé aṣòfin sì gbà. Wọn kò fẹ́ kí káfíńtà wọn kó lọ. Ní 1848 ó ra Union Tavern, ilé bíríkì ńlá kan láàárín ìlú, ó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa di 1850, kò sí ṣọ́ọ̀bù fọ́níṣọ̀ tó tóbi tó tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹ sọ èyí tó korò fún un pẹ̀lú: Day náà ní ẹrú tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ tó lè béèrè irú ìbéèrè yẹn lè gbọ́ ọ.

Ẹ wo òpó ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó máa ń ṣe sínú ilé àwọn ọlọ́rọ̀ agbègbè yẹn. Ó ká igi náà po, ó tún ká a padà, títí tí orí rẹ̀ fi ń wò yín lójú. Kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé àwòrán tó ti London tàbí Baltimore wá. Àwọn ìjókòó tó ṣe sí ìjọ Presbyterian Milton ṣì wà níbẹ̀, North Carolina Museum of History ní Raleigh sì kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ jọ.

Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹnì kan gbé iṣẹ́ wá: àpótí onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin, irú ti Newport. Ó ní kí n fi ẹ̀wọ̀n lù ú, kí n fi ìdọ̀tí pa á lára kó rí bí ti 1780, kí n má sì kọ orúkọ mi sí i. Owó rẹ̀ wúwo. Ṣé kí n gbà á? (Ọmọ ọwọ́ yín, Providence)

Gba iṣẹ́ náà, kí o kọ orúkọ rẹ. Bí ó bá ní àfi kí o má kọ ọ́, dá owó rẹ̀ padà.

Ìwọ tó wà ní Rhode Island ló yẹ kó mọ ìtàn yìí. Armand LaMontagne, agbẹ́gilére ìpínlẹ̀ yín, ṣe àga kan ní 1969, irú àga Brewster ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó wà ní Plymouth. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti fi dán àwọn ọ̀mọ̀wé wò. Àga náà gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò kọjá títí Henry Ford Museum ní Michigan fi rà á ní dọ́là 9,000, tí wọ́n gbé e síwájú gbogbo èèyàn. Ní 1977 ni àṣírí tú. LaMontagne ní kí wọ́n lọ wo ihò tí òpó wẹ́wẹ́ wọ̀, pé irin ìlu-ihò òde òní ni òun lò. Wọ́n fi X-ray wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí: irin àtijọ́ máa ń fi ìsàlẹ̀ ihò sílẹ̀ ní kọrọdọ bí ìdí ṣíbí, tòde òní sì ní ṣóńṣó láàárín. Mùsíọ́ọ̀mù náà kò sọ ọ́ nù, wọ́n ń fi kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́.

Òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wallace Nutting kò mọ̀ọ́mọ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó di oníṣòwò fọ́tò ni, ìwé rẹ̀ Furniture Treasury tó jáde ní 1928 ní nǹkan bí 5,000 àwòrán, mo sì ṣì ń ṣí i. Ó tún ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwòṣe àga àtijọ́, ó sì ń fi irin gbígbóná tẹ orúkọ rẹ̀ sára wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan fá orúkọ náà kúrò, wọ́n tà á bí ògbólógbòó.

Owó ló wà nídìí rẹ̀. Ní 1989, Christie's, ilé gbàǹjo kan, ta àpótí ìkọ̀wé kan tí wọ́n ṣe ní Newport fún ìdílé Brown ní dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 12. Nítorí náà, má ṣe kọ orúkọ rẹ síbi kan ṣoṣo tí irin ìfági lè débẹ̀. Fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọdún sí ẹ̀yìn, kí o tún tẹ̀ ẹ́ sí inú ihò ìsopọ̀ kí o tó fi gúlúù pa á dé. John Townsend, ọ̀gá wọn ní Newport, kọ orúkọ àti ọdún sára àwọn iṣẹ́ rẹ̀ kan, ojú kò tì í. Bí o bá fẹ́ wo bó ṣe ń kọ ọ́, Yale ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún fọ́níṣọ̀ Rhode Island nìkan, Rhode Island Furniture Archive. Lọ wo lẹ́tà A, B, C tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sára dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa ṣì wọ́n tò.

Ní ti ẹ̀wọ̀n, mo bẹ̀ ọ́. Tábìlì tí wọ́n fi igba ọdún lò máa ń jẹ níbi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kàn. Kì í jẹ káàkiri.

Ṣé ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ? (Ó tó mẹ́rin tó bi mí)

Ó wà. North Bennet Street School ní Boston ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kọ́ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré, àkókò rẹ̀ sì gùn. Ẹni tó ní ìdílé lọ́rùn lè lọ sí Colonial Williamsburg ní Virginia, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù Anthony Hay ti ń kan fọ́níṣọ̀ lójú gbogbo èèyàn pẹ̀lú irin iṣẹ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n máa ń dáhùn. Ẹgbẹ́ kan náà wà fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, Society of American Period Furniture Makers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999. Ìwé ọdọọdún wọn dára, nítorí ẹni tó kan nǹkan náà ló ń kọ bó ṣe kàn án. Ẹni tí kò sì ní owó kankan lọ́wọ́, kó lọ wo Index of American Design lórí ìkànnì National Gallery of Art. Láàárín 1935 sí 1942 ni ìjọba gba àwọn ayàwòrán tí kò níṣẹ́ síṣẹ́ pé kí wọ́n fi ọ̀dà olómi ya àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ náà. Àwòrán rẹ̀ lé ní 18,000, àga àti àpótí sì pọ̀ níbẹ̀.

Níbo ni kí n ti ra ọwọ́ dúrọ́ọ̀ onídẹ tó bá ti àtijọ́ mu? Èyí tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kò jọ ọ́. (Newark)

Horton Brasses wà ní Cromwell, Connecticut. Ball and Ball wà ní Exton, Pennsylvania. Àwọn méjèèjì ń ṣe é bí ti àtijọ́. Àmọ́ kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ fa dúrọ́ọ̀ àtijọ́ tí ẹ ń wò jáde, ẹ yí i, kí ẹ wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ láti inú. Ìwọ̀n tí wọ́n á bi yín ni àlàfo láti àárín ihò kan dé àárín ihò kejì. Bí ẹ bá rí ihò mẹ́rin tí wọ́n ti dí méjì nínú rẹ̀, ẹnì kan ti pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀ rí, èyí tí wọ́n dí ló sì sábà máa ń jẹ́ ti àkọ́kọ́. Òun ni kí ẹ wọ̀n.